Ṣé òótọ́ ni pé ojú ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá etí ló ń fa òòyì màmá mi?

Ọmọ Ìyá Aláṣọ:

Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí kó bá mi dá sí i. Màmá mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba níbí l'Akúrẹ́, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ara wọn le dáadáa tẹ́lẹ̀. Àtìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ni òòyì ti ń kọ́ wọn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Tí wọ́n bá yí sí apá ọ̀tún lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tí wọ́n gbójú sókè láti fa léèsì yọ lórí pẹpẹ òkè, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, wọ́n á di nǹkan mú, wọ́n á dijú, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tó fi máa lọ, àmọ́ èébì á máa gbé wọn títí di ọ̀sán. A ti tọ́jú máléríà, a tọ́jú táífọ́ọ̀dù, wọ́n fa omi sí wọn lára, BP wọn ò ga, ṣúgà wọn ò ga. Kẹ́mísítì àdúgbò fún wọn ní oògùn òòyì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, oorun ló kàn ń kùn wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù.

A wá gbé wọn lọ bá dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun. Ó yẹ inú etí wọn wò díẹ̀, ó wọ gọ́gùlù kan fún wọn tó nípọn tó sì ní iná nínú, ó yí orí wọn sọ́tùn-ún, ó dá wọn dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí orí wọn fi rọ̀ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Màmá mi figbe ta, wọ́n di apá aṣọ dókítà mú, àmọ́ ojú wọn nìkan ló tẹjú mọ́, tó ń sọ pé "ẹ má dijú mà, ẹ má dijú." Lẹ́yìn ìyẹn ló ní etí ọ̀tún ni, ó ní ká padà wá torí òun fẹ́ ṣe òmíràn tí wọ́n á da omi sí etí méjèèjì tí kámẹ́rà á sì máa wo ojú.

Kí ló kan ojú nínú ọ̀rọ̀ etí? Kí ló dé tí wọn ò kàn ya fọ́tò orí wọn? Ṣé omi yẹn ò ní ba etí jẹ́? Màmá ti ní àwọn ò lọ mọ́, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ kángun síra sì ti ń sọ fún wọn pé ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.


Ọmọ Ekìmọ̀gún:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Àwọn tí òòyì ń kọ́ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ l'Oǹdó níbí, màá ṣàlàyé ohun tí mo mọ̀, ó máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ mú fóònù yín, ẹ nà án síwájú, ẹ máa ka ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí lórí ẹ̀. Ẹ wá máa mi fóònù yẹn sọ́tùn-ún sósì kíákíá, ẹ má jẹ́ kí orí yín mì. Ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ yín lójú. Ó yá, ẹ dá fóònù dúró, orí ni kẹ́ ẹ máa mì báyìí, kó yára bákan náà. Ẹ ó ṣì máa rí i kà. Tó bá jẹ́ fóònù ló ń mì, ojú ní láti máa sá tẹ̀ lé e, kò sì lè bá a. Tó bá jẹ́ orí ló ń mì, etí ti ránṣẹ́ sí ojú ná, ó ti ní orí ń lọ sọ́tùn-ún o, ìwọ yí sósì, ojú á wá dúró sójú kan. Iṣẹ́ yẹn kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú 100 sẹ́kọ́ǹdù kan kó tó jẹ́, torí iṣan mẹ́ta péré ló ń gba ọwọ́ ara wọn láti etí dé ojú. Nínú gbogbo ohun tí ara ń ṣe láìròtẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló yára tó o.

Lọ́hùn-ún nínú etí kọ̀ọ̀kan, páìpù tíntìntín mẹ́ta ló wà tó tẹ̀ roboto, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tiẹ̀, omi ló wà nínú wọn. Tá a bá gbé abọ́ omi tá a yí i lójijì, omi inú ẹ̀ kì í bá abọ́ yí lẹ́sẹ̀ kan náà, ó máa kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn. Ohun tí omi inú páìpù yìí ń ṣe nìyẹn tá a bá yí orí, á wá ti irun wẹ́wẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́, irun yẹn ló ń ránṣẹ́. Etí ọ̀tún ń ránṣẹ́, etí òsì ń ránṣẹ́, kódà téèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ wọn ò dákẹ́. Bí ọ̀kan bá wá rẹ̀ lójijì, ti èkejì á borí tiẹ̀, ọpọlọ á gbà pé orí ń yí nígbà tí orí ò yí. Ojú á wá máa rọra sún lọ síhà etí tó rẹ̀, ọpọlọ á já a padà, á tún sún, á tún já a padà. Fífò yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní nystagmus.

Ìdí tí wọn ò fi ya fọ́tò nìyẹn. Inú egungun ni gbogbo nǹkan yìí wà, ó kéré, scan lè fi egungun hàn yín àmọ́ kò lè sọ fún yín bóyá omi ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ojú ni ibi tí iṣẹ́ etí ti ń yọ síta tí ẹlòmíì fi lè rí i. Béèyàn bá mọ̀ ọ́n wò, ìhà tó ń fò sí, bó ṣe pẹ́ tó, bóyá ó ń yí tàbí ó ń lọ gbọọrọ, á mọ etí tó ṣe é, á tiẹ̀ mọ èwo nínú páìpù mẹ́ta yẹn.

Èyí tí dókítà yẹn ṣe fún màmá, Dix-Hallpike ló ń jẹ́, Margaret Dix àti Charles Hallpike ló kọ nípa ẹ̀ ní London ní 1952. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà nínú etí gbogbo wa, kálísíọ̀mù ló ṣe é, ibì kan ló lẹ̀ mọ́ tó fi ń jẹ́ ká mọ̀ ọ̀nà tí ilẹ̀ wà. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí téèyàn fi orí gbá nǹkan, ó lè já kúrò níbi tó wà kó bọ́ sínú páìpù, páìpù ẹ̀yìn ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ, àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù. Ìgbà tí màmá bá yí sọ́tùn-ún tàbí tí wọ́n gbójú sókè, òkúta yẹn á yí, á fa omi lọ́wọ́, etí á sọ pé orí ń pòòyì. Nígbà tó bá wọlẹ̀ tán, òòyì á dá.

Dókítà ní láti rí i pé ojú là sílẹ̀ nígbà yẹn. Téèyàn bá dùbúlẹ̀ báyẹn, ojú kì í fò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á kọ́kọ́ dákẹ́ fún sẹ́kọ́ǹdù bíi mélòó kan, òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí bọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo àwọn iṣan pupa tín-ín-rín tó wà nínú funfun ojú, àwọn ló máa fi hàn yín pé ẹyinjú ń yí lójú kan, òkè ẹ̀ ń ta sí etí tó wà nísàlẹ̀, ó sì tún ń fò sókè síhà iwájú orí. Á le, á rọ̀, á dúró kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Wọ́n bá gbé ẹni náà jókòó, á tún ṣe díẹ̀, òdìkejì ni yóò gbà lọ́tẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní gbàgbé ẹ̀. Gọ́gùlù yẹn náà nídìí: lẹ́ǹsì ẹ̀ nípọn débi pé màmá ò lè tẹjú mọ́ nǹkankan nínú yàrá, torí béèyàn bá rí nǹkan tẹjú mọ́, ó lè tẹ fífò tó ti etí wá rì. Dókítà ní tiẹ̀, ẹyinjú á tóbi lójú ẹ̀. Frenzel, ará Jámánì, ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é.


Àbíkẹ́ Ìjàpọ̀:

Ọkọ mi náà ní in lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé e ṣubú, òkúta yìí náà ni wọ́n sọ. Dókítà kan náà tó wo ojú ẹ̀ ló yí orí ẹ̀ síbí síbẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ yẹn náà ló ti fúyẹ́. Ẹ bẹ màmá kí wọ́n padà lọ, ẹ bá wọn lọ, kí wọ́n rí yín níbẹ̀.


Bàbá Ọ̀bà-Ilé:

Ẹ má bínú sí mi o ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní ẹ̀yin tó kàwé ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìlú ń le. Tẹ́ẹ̀sì yìí, owó ni. Ìyá náà ń ta aṣọ, ọjọ́ tí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn dé, ọjọ́ yẹn ti lọ. Ibà máa ń kọ́ èèyàn lóòyì, àìsùn náà ń kọ́ èèyàn lóòyì, ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà níbẹ̀. Ṣé oògùn tí wọ́n ń lò ò lè tó ni? Mo béèrè tọkàntọkàn ni o, torí ìyàwó mi náà ń sọ irú ẹ̀.


Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o bàbá. Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ nípa owó, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Dix-Hallpike yẹn, bẹ́ẹ̀dì àti ojú dókítà nìkan ló nílò, kò ná èèyàn tó owó táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tọ́jú láìsí táífọ́ọ̀dù. Ibà lè mú kí orí fúyẹ́, kí ara máa gbọ̀n, àmọ́ ibà ò ní dúró dìgbà téèyàn bá yí sí ọ̀tún kó tó mú un, kó sì fi í sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ bi ìyàwó yín bóyá orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣe wọ́n. Ní ti oògùn òòyì, cinnarizine, prochlorperazine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọ́n dára fún ọjọ́ díẹ̀ tí èébì bá le, kì í ṣe oògùn téèyàn ń jẹ lóṣooṣù. Kò lè gbé òkúta kúrò níbi tó wà, ó sì ń mú ọpọlọ sùn nígbà tó yẹ kó máa kọ́ bó ṣe máa bá etí tó rẹ̀ gbé.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, ọ̀rọ̀ omi yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bá wọn gbé abọ́ rẹ̀ dání, torí náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìlù etí wò. Tí ihò bá wà nínú ìlù etí, wọn ò gbọdọ̀ da omi sí i, afẹ́fẹ́ ni wọ́n á fi ṣe é. Tí ìdọ̀tí bá dí etí, wọ́n á yọ ọ́ ná. Màmá á dùbúlẹ̀, wọ́n á gbé orí wọn sókè níwọ̀n 30 dígírì, kí ọ̀kan nínú páìpù tí ẹ ti sọ yẹn lè dúró ṣánṣán. Omi kan á wà ní 30 dígírì, èkejì ní 44. Ara èèyàn jẹ́ 37, ẹ rí i pé méje ló fi tutù jù, méje ló fi gbóná jù, kò sí èyí tó lè bó èèyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ìlàjì ìṣẹ́jú àti díẹ̀ lọ. Etí ọ̀tún á gba méjèèjì, etí òsì á gba méjèèjì, wọ́n á sì sinmi láàárín.

Òòyì á kọ́ wọn, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn. Otútù yẹn á kan egungun, á kan omi inú páìpù, ẹ̀gbẹ́ tó tutù á wúwo sọ̀kalẹ̀, etí á rò pé orí ń yí. Tí omi tútù bá wọ etí ọ̀tún, ojú á máa fò sósì. Tó bá jẹ́ omi gbígbóná, ojú á máa fò sí etí ọ̀tún yẹn gan-an. Kámẹ́rà á ka bí ojú ṣe ń yára sún, wọ́n á fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Tí ìyàtọ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan, etí tó lọ́ra jù ni wọ́n á dá lẹ́bi. Gọ́gùlù tó ní kámẹ́rà yìí ṣókùnkùn nínú, wọ́n á ní kí màmá máa dárúkọ ìlú, tàbí kí wọ́n máa ka nǹkan sẹ́yìn. Kò kí ń ṣe eré o, tí ọkàn èèyàn bá ti ń tòògbé, ojú kì í fò dáadáa. Mo ti gbọ́ orúkọ gbogbo ọjà tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí lẹ́nu àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ìṣẹ́jú bíi méjì, á ti rọlẹ̀.

Robert Bárány, dókítà etí kan ní Vienna, ló mú èyí wá. Ó ń fi omi fọ etí àwọn èèyàn, wọ́n ń sọ fún un pé òòyì ń kọ́ wọn, ó ṣàkíyèsí pé ojú wọn ń fò. Ẹnì kan sọ fún un pé omi rẹ̀ tutù jù ni. Nígbà tí omi wá gbóná jù, òòyì tún wà, àmọ́ ojú wá ń fò sí ìhà kejì. Ẹlòmíì á kàn tọrọ gáfárà ni, Bárány ò ṣe bẹ́ẹ̀, ó lọ ronú ìdí ẹ̀. Ẹ̀bùn Nobel ti 1914 ni wọ́n fún un, ẹlẹ́wọ̀n ogun ló sì jẹ́ lọ́wọ́ Rọ́ṣíà nígbà tí ìròyìn náà kàn án, 1916 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lo 30 àti 44 yìí, 1942 ni Fitzgerald àti Hallpike gbé e kalẹ̀, Hallpike kan náà tí wọ́n ti dárúkọ lókè ni.

Kẹ́ ẹ tó lọ: ẹ bi dókítà bóyá kí màmá dá oògùn òòyì yẹn dúró fún ọjọ́ méjì ṣáájú, torí ó máa ń pa fífò ojú. Oògùn BP, bí wọ́n bá ń lò ó, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ ara wọn dá a dúró. Kò gbọdọ̀ sí ọtí. Kí wọ́n jẹun fẹ́rẹ́. Kí wọ́n má lé tìróò lọ́jọ́ yẹn rárá! Kámẹ́rà yẹn, dúdú àárín ojú ló ń tẹ̀ lé, tó bá rí tìróò á máa sá lé ìyẹn. Kí wọ́n má sì dá gun ọ̀kadà padà sílé.


Ọmọ Ìyá Aláṣọ:

Ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Ọ̀rọ̀ tìróò yẹn, wọn kì í jáde láì lé e, màá sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ń bẹ̀rù pé kó má lọ jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀?


Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:

Ẹ má bínú mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Físíìsì ni mò ń kọ́, ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn wú mi lórí. Tó bá jẹ́ pé nítorí tútù ń wúwo sọ̀kalẹ̀ nìkan ni, a jẹ́ pé ní òfúrufú lọ́hùn-ún tí nǹkan ò ti ní ìwúwo kò yẹ kí ojú fò rárá. Wọ́n dán an wò nínú Spacelab, yàrá ìwádìí tí wọ́n gbé lọ sí òfúrufú, ní 1983, ojú àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì fò! Torí náà ti Bárány tọ̀nà àmọ́ òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, ooru àti otútù yẹn tún ń ṣe nǹkan míì sí etí fúnra ẹ̀.


Ọmọ Ekìmọ̀gún:

Ó káre, akẹ́kọ̀ọ́. Tẹ́ẹ̀sì náà ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, torí ọ̀tún là ń fi wé òsì.

Ọmọ Ìyá Aláṣọ, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yín ló ṣe pàtàkì jù ní gbogbo ibi yìí. Òòyì màmá ń wá, ó ń lọ, ó ní ibi tí wọ́n máa kọrí sí kó tó dé, ìyẹn ò jọ rọpárọsẹ̀. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni òòyì tó kàn dé lójijì tí kò lọ mọ́, wákàtí dé wákàtí, téèyàn ń bì. Àrùn inú etí lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ẹ̀yìn ọpọlọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì jọra gan-an. Bí ẹni náà ò bá lè dìde dúró, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, tó ń rí nǹkan ní méjì méjì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ọrùn tàbí orí ń fọ́ ọ bí kò ṣe rí rí, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì, ẹ má lọ kẹ́mísítì, ẹ gbé e lọ emájẹ́ǹsì lálẹ́ yẹn.

Níbẹ̀ náà, ojú ni dókítà tó mọṣẹ́ máa wò. Ní 2009, Kattah, Newman-Toker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde l'Amẹ́ríkà, orúkọ tí wọ́n fún un ni HINTS. Nǹkan mẹ́ta ni: kí dókítà já orí ẹni náà lójijì sí ẹ̀gbẹ́ kó wo bóyá ojú dúró lórí ohun tó ń wò, kó wo bóyá fífò ojú ń pa ìhà dà, tí ẹni náà bá wo ọ̀tún kó fò sọ́tùn-ún, tó bá wo òsì kó fò sósì, kó sì bo ojú kan lẹ́yìn ìkejì kó wo bóyá ojú kan ga ju èkejì lọ. Èyí tó yani lẹ́nu ni àkọ́kọ́. Lára ẹni tí òòyì ò dá lára ẹ̀, tí ojú bá dúró digbí nígbà tí wọ́n já orí, ìròyìn burúkú nìyẹn, torí ó túmọ̀ sí pé kò sí ohun tó ṣe etí, ọpọlọ ni ká lọ wò. MRI, ìyẹn fọ́tò inú ọpọlọ, tí wọ́n ṣe ní kíá, láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lè máà tíì rí rọpárọsẹ̀ ẹ̀yìn ọpọlọ, tí ojú sì ti sọ ọ́. Àmọ́ ẹ má lò ó fún màmá o, ẹni tí òòyì ẹ̀ ò dá lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe é fún, ọwọ́ ẹni tó kọ́ ọ ló sì yẹ kó wà.


Tísà Òkè Àró:

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Bàbá mi ṣàìsàn ẹsẹ̀ tó jẹrà, ilé ìwòsàn kan fún wọn ní abẹ́rẹ́ gentamicin fún ọjọ́ pípẹ́. Ẹsẹ̀ san. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ń rìn, wọ́n ní ojú ọ̀nà ń fò sókè sódò, wọn ò lè ka pátákó ṣọ́ọ̀bù àfi tí wọ́n bá dúró. Tí iná bá lọ lálẹ́, ògiri ni wọ́n ń di mú dé bálùwẹ̀. Wọ́n ní ilé ò yí wọn o, wọ́n sì ń gbọ́ràn dáadáa. Gbogbo ibi tá a gbé wọn dé, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni, ó sì ń dun bàbá gan-an torí wọn kì í ṣe ẹni tó ń ṣubú tẹ́lẹ̀.


Ọmọ Ekìmọ̀gún:

Ẹ kú ìrọ́jú o tísà, ẹ bá mi kí bàbá. Mi ò tíì rí wọn, torí náà mi ò lè sọ pé ohun tó ṣe wọ́n nìyí, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ó bá ohun tí gentamicin lè ṣe mu. Ó lè pa irun inú páìpù wọ̀nyẹn, ní etí méjèèjì, kó sì fi ìgbọ́ràn sílẹ̀. Ilé ò ní yí wọn torí etí méjèèjì ló jọ dákẹ́, kò sí èyí tó borí èkejì. Ohun tó máa sọnù ni iṣẹ́ tí etí ń jẹ́ fún ojú, torí náà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé, ojú á bá orí fò.

Ẹ béèrè tẹ́ẹ̀sì jíjá orí yẹn fún wọn, Halmagyi àti Curthoys ní Sydney ló kọ ọ́ jáde ní 1988. Dókítà á jókòó kọjú sí bàbá, á ní kí wọ́n wo imú òun, á di orí wọn mú lọ́wọ́ méjèèjì, á já a sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì, ìwọ̀nba díẹ̀ ni, kò ní kọjá ibi tí ọrùn gbà. Tí etí bá pé, ojú ò ní kúrò lórí imú. Tí etí ẹ̀gbẹ́ yẹn bá ti kú, ojú á bá orí lọ, á wá rí i pé imú ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, á fò padà wá síbẹ̀. Fífò padà yẹn kedere, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ bá dúró lẹ́yìn dókítà ẹ máa rí i. Àwọn kan wà tí ojú wọn ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò padà kí orí tó dúró, ìyẹn ò ṣeé fi ojú lásán rí, gọ́gùlù tó ní kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tó lé ní 200 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan ló ń mú un. Ilé ìwòsàn UNIMED wà l'Akúrẹ́, ó wà l'Oǹdó, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè níbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé jíjá orí lásán ni wọ́n lè ṣe, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré.

Kò sí oògùn tó ń hu irun yẹn padà, àmọ́ eré ìdárayá ojú àti orí wà tí wọ́n á kọ́ bàbá, ọpọlọ á máa fi ojú àti ẹsẹ̀ dí àlàfo yẹn. Ẹ tan iná kékeré sí ọ̀nà bálùwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ wẹ odò, torí lábẹ́ omi wọ́n lè máà mọ ìhà tí òkè wà. Kí ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ gún wọn ní irú abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́ ìtàn yìí ná. Ó sì tọ́ kẹ́ ẹ sọ fún bàbá pé ọjọ́ ogbó kọ́ ló mú ojú ọ̀nà fò.


Ọmọ Ìyá Aláṣọ:

Màmá ti gbà láti lọ, ohun tí mọ̀mí nọ́ọ̀sì kọ ni mo kà sí wọn létí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí fídíò kan lórí YouTube tí wọ́n ti ń yí orí èèyàn, Epley, ó ní òun lè ṣe é fún wọn nílé lálẹ́ òní.


Ọmọ Ekìmọ̀gún:

Ẹ ní kó dúró. Epley dára gan-an, John Epley l'Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992, òun gan-an ló ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe fún ọkọ Àbíkẹ́. Ó ń rọra yí òkúta yẹn gba páìpù ẹ̀yìn kọjá títí á fi padà síbi tó ti já. Àmọ́ páìpù ẹ̀yìn nìkan ló wà fún. Tí òkúta bá wà nínú páìpù tó sùn gbalaja, ojú á máa fò sọ́tùn-ún sósì ni nígbà tí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ tó yí orí, yíyí tiẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ò tíì rí ojú màmá, kò mọ èwo ni, ọrùn ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún kì í sì ṣe ohun tí a máa fi dánra wò.

Ẹ bi dókítà léèrè ìdí tí kò fi ṣe Epley lọ́jọ́ yẹn, ó lè jẹ́ pé èébì ti gbé màmá jù, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó rí mú un fura pé etí ọ̀tún yẹn ti rẹ̀ lápapọ̀, ìdí tó fi fẹ́ da omi nìyẹn. Tó bá ṣe Epley tán, ó yẹ kó tún dá wọn dùbúlẹ̀ kó wo ojú wọn, tí kò bá fò mọ́, òkúta ti padà sílé. Kó kọ gbogbo ẹ̀ sínú káàdì wọn: etí wo, ìhà wo ni ojú fò sí, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Òkúta yìí lè tún já lọ́jọ́ míì, ó wọ́pọ̀, dókítà tó bá wà lórí ìjókòó nígbà yẹn lè máà jẹ́ èyí tẹ́ ẹ rí yìí.